Bàámi Gbà Pé Ọ̀mùtí Lòun ní Kútọnu

Àkùkọ ò tíì kọ tí mo fi pọn bàámi kúrò nílé ní Pobẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ ti kú láti èṣí. Èmi ni wọ́n ní kó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí mo gbọ́ Faransé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni. Orí mi ò gba fìlà mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú ẹ̀ ò kún ṣíbí.

A wọ ọkọ̀ èrò. Ọ̀nà pupa, eruku bí ìyẹ̀fun. L'Ájàṣẹ́, sọ́jà ní ká sọ̀kalẹ̀, ká kígbe pé ìjà ń tẹ̀síwájú, bí ìjọba sọ́jà ìgbà náà ṣe pàṣẹ. Mo kígbe títí ohùn mi fi ya.

"Kámáráàdì," awakọ̀ wí, "ṣé ìwọ nìkan lo fẹ́ ja ìjà ọ̀hún ni?"

Ní Gbégamey, ní Kútọnu, a jẹ àkàsà, ẹ̀kọ wa náà ni, àmọ́ tiwọn kan. Ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

"Bàbá yín ńkọ́? Àwọn ẹ̀gbọ́n yín? Ṣé irú ẹ̀ ṣe wọ́n?"

Mo túmọ̀ ẹ̀. Bàámi ní, "Rárá o. Wọ́n gbó kí wọ́n tó lọ."

Irọ́ gbuu! Bàbá ẹ̀ ṣubú sóko kó tó pé àádọ́ta ọdún, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjì náà ò jù bẹ́ẹ̀. Nílé wa, a kì í sọ ohun tó ń pa wá, kí wọ́n má bàa kọ ọmọbìnrin wa. Wọ́n sì ń bọ̀ wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi, Àìná, lóṣù tó ń bọ̀.

"Àbí ẹ máa ń mu sódabì?"

Bàámi, katikísì ṣọ́ọ̀ṣì tí ò fẹnu kan ọtí rí, mirí. "Hẹn. Mo ń mu ún."

Mo yíjú sí dókítà, mo fi Faransé pariwo. "Irọ́ ni! Gbogbo wọn ló ṣubú bẹ́ẹ̀!"

Dókítà fi bíìkì tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀. "Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọpọlọ ló ń dí. Inú ẹbí ló ti ń wá. Kò lóògùn. Ó lè wà lára ìwọ náà, ó lè má sí."

Mo fẹ́ túmọ̀ ẹ̀. Bàámi ní, "Fi sílẹ̀. Ojú ẹ ti sọ ọ́."

Ó kọ̀yìn sí mi nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Inú tèmi náà ò rọ̀. Mo ti rò pé òkèèrè nìmọ̀ wà. Ohun tí mo lọ gbọ́ ní Kútọnu, gbogbo àgbà ilé wa ló mọ̀ ọ́n.

Àìná pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpótí fún bàámi jókòó. "Bàámi, kí ni dókítà wí?"

"Òun ni kó o bi. Òun ló lẹ́nu."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Bàámi fẹ́ dìde wọlé. Ẹsẹ̀ ò gbé e, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì ràn án lọ́wọ́. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ tán.