Á Gba Ibi Ire

Bí ẹnìkan bá ní kí n wá jẹun, ohùn nọ́ọ̀sì àgbà kan ní Òmù-Àrán ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Fọ́ọ̀mù kẹta ni mo wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún oúnjẹ, torí mo kórìíra bí ara mi ṣe ń tóbi. Ẹni tó bá pè mí sídìí abọ́, màá kúnlẹ̀, màá ní, “Á gba ibi ire.” Gbogbo ilé ń yìn mí pé mo lẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́ tí mo dákú ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà náà. Wọ́n gbé ẹ̀kọ mímu wá, mo tún ní, “Á gba ibi ire.”

Wọ́n ní, “Gbogbo ayé lò ń ṣàdúrà oúnjẹ fún. Tìẹ dà, ọmọ mi?”

Láti ọjọ́ náà, ṣíbí méjì ni wọ́n ń mú wá bá mi jẹun. Wọn kì í wo ẹnu mi, ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò. “Ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ẹ. Kò sẹ́ni tó ń lé wa.” Ìgbà mìíràn mo máa ń bì í, wọn ò bínú rí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n wá kí mi nílé, wọ́n bá mi nídìí iyán. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ pé, “Màámi, ẹ wá jẹun.”

Wọ́n ti ṣíbí méjèèjì tí wọ́n mú wá bọ àpò.

“Á gba ibi ire, ọmọ mi.”