Ẹnu Ni Mo Fi Ń Kúnlẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ifọ̀, ọmọbìnrin tí kò bá kúnlẹ̀ kí àgbà, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Èmi ò sì lè kúnlẹ̀. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ mi méjèèjì kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Orí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ni mo máa ń wà, tí màá máa wo àwọn ẹgbẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń sáré lọ wo ọkọ̀ ojú irin bó bá ti fọn fèrè.

Ìyá mi kò jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ṣe àwáwí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ kò lè kúnlẹ̀, ẹnu rẹ ni yóò máa kúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí ọ kí o má dáhùn." Bí oúnjẹ bá wà lẹ́nu mi, màá tètè gbé e mì kí n lè fèsì. Bí mo bá ń sunkún tí àgbà kan kọjá, màá dá ẹkún dúró, màá ní, "Òo, ẹ kú àbọ̀ o, mà," lẹ́yìn náà ni màá padà sídìí ẹkún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òtítọ́ ni mo ń sọ. Gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn mi nítorí ẹnu yìí, ó sì wá mọ́ mi lára débi pé etí mi kì í tíì gbọ́ ìkíni tán tí ẹnu mi á ti dáhùn.

Mo dàgbà, mo kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ni mo ń lò, torí n kò lẹ́sẹ̀ tí màá fi tẹ tàwọn yòókù. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Ibafo, létí ọ̀nà márosẹ̀, mo sì ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà mú ṣòkòtò wá kí n bá a gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kì í, ó wọlé. Ó ní kí n yọ ọ́, kí n tún un kì. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, ṣùgbọ́n oníbàárà ni, mo tún un kì.

Ó ní, "Màdáámú, ọwọ́ yín kì í gbọ̀n rárá. Ṣé ẹ ti mú ìbọn rí?"

Mo ní, "Ìbọn kẹ̀? Ṣé mo jọ adigunjalè lójú yín ni, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé ìdíje wà fún àwa tí ara wa ní àbùkù, níbi tí èèyàn ti ń jókòó yin ìbọn atẹ́gùn sí páálí. Ọ̀ta rẹ̀ kéré ju kóró ọsàn lọ, ojú àmì àárín páálí náà sì rí bí orí abẹ́rẹ́ bí ẹ bá wò ó láti orí ìjókòó. Òun ló ń kọ́ni. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, nínú ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ní Mowe, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ ó mí sínú, ẹ ó mí síta díẹ̀, ẹ ó wá dá èémí dúró, ìka kan péré ni yóò mira. N kò mọ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ní gbogbo ibòmíràn, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí. Níwájú páálí, ẹsẹ̀ ò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe, ti èmi àti ti ẹlòmíràn.

Nígbà tí a lọ sí ìdíje àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú nínú àwa obìnrin láti ṣojú ìpínlẹ̀ Ògùn. Èmi ni mo wà níwájú. Ó ku ọ̀ta kan. Mo dá èémí dúró, ìka mi wà níbi tí a ti ń yin ìbọn, ni obìnrin tó ń pín omi bá gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó rọra ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

Mo ní, "Òo! Ẹ ṣeun o!"

Ọ̀ta náà lọ bá etí páálí. Wọ́n mú ẹlòmíràn. Mo sunkún láti Abẹ́òkúta dé Ibafo, ojú sì ń tì mí láti sọ ohun tó fà á fún ẹnikẹ́ni.

Kóòṣì mi, bàbá sójà náà, wà níbẹ̀, ó ti gbọ́ ọ, àmọ́ kò bínú. Ó kàn lọ bá àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ó ní nígbàkigbà tí mo bá gbé ìbọn sójú, kí wọ́n máa kí mi. Áà, ẹ ò rí ayọ̀ wọn! "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú ìjókòó o! Ẹ kú oòrùn o! Màdáámú, ilé ńkọ́?" Èyí tó burú jù nínú wọn a máa béèrè àlàáfíà àwọn tí kò mọ̀ rí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jẹ ìyà yìí kí ẹnu mi tó gbà láti dúró. Tí mo bá yìn ín tán, màá wá dáhùn gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ ní Mowe tẹ̀lé mi dé Ibafo. Bí mo bá ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹnu mi a ti pa dé. Wọ́n ń kí mi, n kì í dáhùn lásìkò. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di pé, "Ìbọn ti gun télọ̀ lórí, kò kí èèyàn mọ́." Oníbàárà mi àtọdúnmọ́dún kan wá kó aṣọ rẹ̀ lọ láìrán. Ọ̀rọ̀ náà sì rìn dé Ifọ̀, etí ìyá mi.

Ìdíje tún dé ní Abẹ́òkúta. Kóòṣì sọ fún mi láìfi bò pé bí wọn ò bá mú mi lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ orí mi kò ní jẹ́ kí wọ́n pè mí mọ́. Ìyá mi náà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ìbọn tó sọ ọmọ òun di aláìkí-èèyàn. Ọjọ́ náà pé, n kò rí i, mo rò pé kò wá mọ́. Èmi àti obìnrin kan jọ ní máàkì kan náà títí ó fi ku ọ̀ta kan. Àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo dá èémí dúró. Ilẹ̀kùn dún lẹ́yìn mi, ni mo bá gbọ́ ohùn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ láyé.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí n má purọ́ fún yín, ahọ́n mi gbéra. Mo fi eyín tẹ̀ ẹ́. Mo fi ìyá mi sílẹ̀ ní ìdúró láìdá a lóhùn, mo yin ìbọn, ó lọ wọ ojú àmì náà gan-an. Gbogbo èèyàn pariwo. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, ìyá mi ti jáde.

Inú ọkọ̀ ni mo ti bá a. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, Màámi." Kò dáhùn. Mo ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá." Kò dáhùn. A kọjá Papalantó, mo kí i kí i, ojú fèrèsé ló ń wò. Wọ́n mú mi lọ́jọ́ náà, àmọ́ inú mi bàjẹ́ ju ìgbà tí wọn ò mú mi lọ. Ìgbà tí a dé Ifọ̀ tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ló tó la ẹnu.

Ó ní, "Ṣé ó dùn?"

Mo ní, "Kò dùn, mà."

"Èmi náà, kò dùn mọ́ mi. A ti san án padà fún ara wa, ó tán." Ó wá fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Ká ní o dá mi lóhùn ni, ẹnu ara mi ni ǹ bá fi ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́. Bí wọ́n bá tún bi mí ní Ifọ̀ yìí, màá ní ọmọ mi ń dáhùn, ó kàn máa ń pẹ́ díẹ̀ ni."

Lẹ́yìn ìyẹn, mo wọ bàálù, mo jẹ oúnjẹ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, mo sì gba àmì-ẹ̀yẹ tó pọ̀ tí àwọn ọmọ ọmọ mi fi ń ṣeré báyìí. Ìyá mi ti lọ. Ojú mi náà ti ń ṣe bàìbàì, mo sì ti fi ìbọn sílẹ̀ fún àwọn tí agbára wọn ṣì wà.

Mo ṣì máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ibafo. Èrò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n oníkálukú ti ki nǹkan bọ etí, ojú wọn wà nínú fóònù, wọ́n ń kọjá lọ. Pẹ̀lú ojú bàìbàì yìí náà, mo lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹnì kan tó kí mi. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo fi oṣù mẹ́ta wá ní Mowe ti wá di ọ̀fẹ́ lójú títì, n kò sì mọ ohun tí màá fi ṣe mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá gba iwájú mi kọjá, ẹ kí mi. N kò mú ìbọn lọ́wọ́ mọ́. Màá dá yín lóhùn.