Ìyá Tí Mo Fi Bíbélì Búra Pé Ó Ti Kú

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú ìwé fún àwọn lọ́yà ìjọba ní Ṣakí. Kì í ṣe àwọn tó ń bá olè àti apànìyàn ṣẹjọ́ o. Tiwa ni pé bí ẹnikẹ́ni bá pe ìjọba lẹ́jọ́, pé katakata ìjọba wó ilé òun tàbí pé wọ́n la títì gba inú oko òun, àwa la máa dá a lóhùn. Lọ́yà mẹ́ta, èmi akọ̀wé kan, àti ẹ̀rọ fótókọ́pì kan tó máa ń gbóná bí ààrò. Èmi ni mo ń ṣí fáìlì, èmi ni mo ń tẹ ìwé, èmi ni mo ń kọ nọ́ńbà sórí ojú ewé, èmi ni mo mọ ọjọ́ tí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Bí ìwé bá wá lédè Yorùbá, èmi náà ni mo ń sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń fọ́nnu lórí èyí dáadáa. Bàbá mi hun òfì ní Ìsẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ kí n lè kàwé, n ò sì rí ẹni tó máa wá kọ́ mi ní Yorùbá ní Ṣakí.

Ìgbéraga yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí òun ló jẹ́ kí n pa ìyá kan lórí ìwé.

Abúlé kan wà lọ́nà Tẹ̀dé tí ìjọba fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ dá oko ńlá sílẹ̀. Ìyá àgbà kan níbẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Kò ní kí wọ́n má dáko. Ohun tó ń béèrè kò ju ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ, níbi tó sin àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sí. Ó ní kí katakata má ṣe gba orí wọn kọjá. Lọ́yà tó gba ẹjọ́ rẹ̀ ti kó lọ sókè òkun láìdágbére, fáìlì náà sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀gá mi tó ń bójú tó ẹjọ́ náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, kọ̀wé sí tíṣà abúlé náà pé kó sọ fún wa ta ló wà nínú ilé náà tó mọ ààlà. Tíṣà fi bírò dáhùn, lórí ewé kan tó fà ya nínú ìwé ọmọléèwé. Kò sí àmì kankan lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ ọ́: "Baale ile ti ku. Awon omo meteeta ti ku. Iya agba lo ku."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ikú, ikú, ikú. Mo tẹ̀ ẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá ti kú, àwọn ọmọ ti kú, ìyá náà ti kú. Ọ̀gá mi ní bí ẹni tó pẹjọ́ bá ti kú, tí kò sì sẹ́ni tó máa dúró fún un, a máa ní kí adájọ́ fagi lé ẹjọ́ náà. Ó ku kí ẹnì kan búra sí i. Ẹni tó máa ń búra irú ẹ̀ ní ọ́fíìsì wa, èmi ni. Mo kọjá sí kóòtù, mo gbé Bíbélì sókè, mo búra pé mo mọ̀, mo sì gbà gbọ́, pé ìyá náà ti di olóògbé. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo tilẹ̀ ra ẹ̀pà jẹ bí mo ṣe ń padà bọ̀.

Akódà kóòtù mú ẹ̀dà ìwé náà lọ sí abúlé. Kò bá ẹnikẹ́ni nílé, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ní ọ̀sán gangan, èmi nìkan ni mo wà ní ọ́fíìsì. Àwọn kan ti lọ kírun, ọ̀gá mi lọ sí Ìbàdàn. Iná ti lọ. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà débi pé òkè tó wà níwájú wa kò hàn rárá, gbogbo ìta funfun. Fáìlì ìyá yẹn gan-an ló wà níwájú mi, mò ń to ojú ewé rẹ̀. Mo gbójú sókè, obìnrin arúgbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. N ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ró òfì kan tó ti ṣá, eruku sì ti bo gbogbo ara rẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú, ó funfun balau.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú ọ̀sán, Màmá. Ta lẹ ń wá?"

"Wọ́n ní ibí ni ìwé mi wà."

Mo bi í lórúkọ. Ó sọ ọ́. Orúkọ tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi nínú fáìlì ni.

Orí mi wú. Kò sẹ́ni tí wọn ò sọ ìtàn akúdàáyà fún nígbà èwe ní ọ̀dọ̀ wa: ẹni tó kú síbì kan, tí wọ́n sin, tí wọ́n tún wá rí i ní ìlú mìíràn tó ń rà, tó ń tà, bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ìyá mi máa ń sọ pé Ṣakí ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí pé èrò ẹnubodè pọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi àlejò níbi tó ti wá. Mo máa ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní, "Ẹ jókòó, Màmá, mò ń bọ̀," mo wọ yàrá tí a ń kó fáìlì sí, mo dúró sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń ka Sáàmù tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo sì ń ṣì í kà.

Nígbà tí mo jáde, kò sẹ́nì kankan lórí bẹ́ǹṣì. Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu géètì, ó ní òun ò rí ẹni tó jáde. Àmọ́ eruku funfun wà lórí bẹ́ǹṣì náà. Mo fi àkísà nù ún, mo ju àkísà náà nù, mo tilẹ̀kùn, mo lọ sílé. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni n bá sọ?

Ọjọ́ Ajé, ó tún wà níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan náà, òfì kan náà. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wa gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò kí i. Èyí gan-an ló já mi láyà. Ta ló ń kọjá lára àgbàlagbà láìkí i ní ilẹ̀ yìí, àfi tí kò bá rí i? Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n tilẹ̀ ti bára wọn sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ dídùn.

Ìyá náà rí mi. "Ọmọ mi, o sá fún mi lọ́jọ́sí," ó ní. "Mo lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé, kí n tó padà, o ti tilẹ̀kùn. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà lọ. Mi ò bínú. Bí gbogbo wọn ṣe ń sá náà nìyẹn."

Ó fa ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ yọ láti inú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. Ìbúra mi ni, orúkọ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí tíṣà ti ka ìwé náà sí gbogbo abúlé létí, àwọn ọmọdé kì í wá yáná lọ́dọ̀ òun mọ́. Bí òun bá dé ìdí kànga, àwọn obìnrin á gbé korobá wọn, wọ́n á lọ. Tíṣà ń sọ fún wọn pé àṣìṣe ni, wọ́n ní ìjọba kì í ṣàdédé kọ̀wé.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Wọ́n ní akúdàáyà kì í mọ̀ pé òun ti kú. Bá mi wò ó nínú ìwé yín. Ṣé mo ti kú ni?"

Kò ṣe àwàdà. Ó ń wo ẹnu mi bí aláìsàn ṣe ń wo ẹnu dókítà. Mo na ọwọ́ sí i, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù. Mo dì í mú títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, n ò sì lè sọ bóyá ooru tèmi ni tàbí tirẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, kí n má parọ́.

Mo yọ lẹ́tà tíṣà jáde, mo kà á sí i létí bí mo ṣe kà á lọ́jọ́ kìíní: "Baálé ilé ti kú. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Ìyá àgbà ló kú."

Ó mi orí. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Tún un kà." Mo tún un kà. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló ní 'ti kú'. Kí ló dé tí kò fi 'ti' sí tèmi? 'Ìyá àgbà ló kù' ni, ọmọ mi. Wọ́n kú, èmi ni mo kù."

Ìyá yìí kò wọ iléèwé rí o. Ìka ló tẹ̀ sínú ìwé ẹjọ́ rẹ̀. Ojú tì mí débi pé n ò lè wò ó lójú.

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Ọjọ́ Ọjọ́rú ni ẹjọ́ náà máa wáyé. Ó ka lẹ́tà náà tán. "Ṣé o mọ̀ pé ìwọ lo búra, kì í ṣe èmi?" ó ní. "Bí a bá dákẹ́, ọ̀túnla lẹjọ́ yìí parí. Bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní kí o wá wí tẹnu rẹ fún àwọn ọ̀gá àgbà, iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ." Kì í ṣe ìkà. Ó ń ronú bí lọ́yà ni.

"Sà," mo ní, "ìyá náà wà níta. Ẹ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n ti kú."

Ó lọ sójú fèrèsé. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó yíjú padà. "Tẹ àtúnṣe," ó ní. "Tẹ̀ ẹ́ kí n má bàa yí ọkàn padà."

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, adájọ́ mú ìbúra mi lọ́wọ́ kan, ó mú àtúnṣe lọ́wọ́ kejì. Ó bi mí pé èwo nínú méjèèjì ni irọ́. Mo ní ti àkọ́kọ́ ni, pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ kà. Ó ní níbo wá ni olóògbé náà wà. Ìyá náà dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. "Èmi rèé o," ó ní. "Èmi ni mo kù." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú kóòtù.

Adájọ́ ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ilẹ̀ náà. Nígbà tí a dé abúlé, àwọn aládùúgbò dúró lókèèrè. Ìyá náà mú wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi sàréè mẹ́ta hàn wá, wọ́n fi òkúta yí wọn ká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kẹta, ilẹ̀ kan wà tó gbá mọ́, tí wọ́n fi òkúta yí ká bákan náà, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Adájọ́ ní, "Èyí ńkọ́?"

"Tèmi ni," ó ní. "Òun ló kù."

Akọ̀wé kóòtù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọjú wo ìwé rẹ̀, mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi àmì ìsàlẹ̀ sórí "ku" náà. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

Adájọ́ yọ ẹ̀yìnkùlé náà kúrò nínú ilẹ̀ ìjọba, àyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwé ìbáwí tí wọ́n kọ sí mi ṣì wà nínú fáìlì mi, ó sì tọ́ sí mi. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọdé ti padà ń yáná lọ́dọ̀ ìyá náà, àmọ́ àwọn ìyá wọn ṣì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n.

Lọ́dún yìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kan tọ̀ mí wá ní ọ́fíìsì, lórí ewé tí wọ́n fà ya nínú ìwé ọmọléèwé. Tíṣà ti fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, kò fo ọ̀kan. "Ìyá àgbà ti kú. A sin wọ́n síbi tó kù."

Mo kà á sókè bí ìyá náà ṣe kọ́ mi. Mo tún un kà. Èmi tí mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún búra sí i nígbà kan, mo jókòó níbẹ̀ títí ọ́fíìsì fi pa dé, mò ń wá bí mo ṣe lè fi ohùn ìsàlẹ̀ ka "kú" yẹn, kó di "kù". "Ti" wà níbẹ̀. Kò ṣeé ṣe.