Awò Olójú Méjì àti Ẹja Màmá Ọjà

Òórùn ẹja yíyan kì í tètè kúrò lára aṣọ. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú, bí mo bá lọ sílé ní Ẹ̀pẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, tí mo sì wọ ọkọ̀ tó ń gba Ìtòikin padà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn èrò ọkọ̀ á ti mọ ibi tí mo ti ń bọ̀ kí n tó lanu. Èéfín, epo ara ẹja àti omi ọ̀sà ló máa ń bá mi wọ ibi iṣẹ́. Inú mi máa ń dùn sí òórùn yẹn nígbà náà. Ní báyìí, bí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń wá ibòmíràn jókòó sí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà ló ni òórùn náà. Màmá Ọjà ni gbogbo ilé ń pè é. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń ta ẹja àrọ̀ yíyan ní Ọjà Olúwo, èyí tí wọ́n máa ń ká ìrù rẹ̀ bọ ẹnu. Ní kékeré, èmi ló ń bá a ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń rán ẹnu àpò ẹja. Á na abẹ́rẹ́ sí mi, á ní, "Gbà, ìwọ lojú ẹ mú." Ẹja yẹn náà ló fi rán mi níwèé títí mo fi jáde. Mo gbà á gbọ́ pé ojú mi mú lóòótọ́.

Ibi iṣẹ́ mi ní Ìkòròdú kò ju yàrá mẹ́ta lọ. Àwọn tó fẹ́ fi oúnjẹ ránṣẹ́ sókè òkun máa ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ wá, ká lè bá wọn wò ó bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Maikirosikóòpù olójú méjì la fi ń wò ó. Kì í ṣe irú ti ilé ìwé, tí wọ́n máa ń gé nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì. Odidi ẹja lo máa gbé sábẹ́ èyí, iná á tàn sí i látòkè, àyè á sì ṣẹ́kù fún ọwọ́ rẹ àti abẹ́rẹ́ tí wàá fi gún un wò. Kì í sọ nǹkan di ńlá púpọ̀. Agbára rẹ̀ ni pé ojú ọ̀tún àti ojú òsì ní awò tiwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wo ẹja náà láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Tí ohun tí méjèèjì rí bá pàdé, wàá rí ibi tó ga àti ibi tó jìn, bí ẹni pé kí o ki ìka bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú kálukú ló ní bó ṣe fẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ẹnu awò méjèèjì fi ṣeé fà súnmọ́ra, tó sì ṣeé yà, kí oníkálukú lè tò ó bá ojú tirẹ̀ mu.

Ọlọ́run fún ọ̀gá wa lórí ńlá, ojú rẹ̀ sì jìnnà síra. Ojú tirẹ̀ ni wọ́n to awò náà sí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, obìnrin tó ti pẹ́ jù lọ níbi iṣẹ́ náà kìlọ̀ fún mi: "Má yí nǹkan kan o. Ojú ọ̀gá ló wà níbẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ àga bàbá ẹni, tí ọmọ kì í jókòó sí. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa wo ni yóò máa yí ohun tí àgbà tò? Bí mo bá fi ojú méjèèjì wò ó, ẹja méjì ni mo ń rí, orí á sì máa fọ́ mi. Mo bá ń di ojú òsì. Ojú kan ṣoṣo la fi ń wo ti ilé ìwé, kò ṣàjèjì sí mi. Abẹ́rẹ́ nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, torí ibi tí mo fẹ́ kó gún kọ́ ló máa ń gún. Mo pa abẹ́rẹ́ tì. Oṣù méje ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni oníbàárà kan wá bá Màmá Ọjà. Ó fẹ́ máa kó ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sókè òkun lóṣooṣù, bí ìwé bá ti wà pé kòkòrò ò sí níbẹ̀. Ẹja tirẹ̀ nìkan kò tó, àwọn ìyá márùn-ún tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ bá da tiwọn pọ̀ mọ́ ọn, nítorí wọ́n gba orúkọ rẹ̀ gbọ́. Ó mú díẹ̀ níbẹ̀ fún mi, ó ní, "Má ṣojúsàájú mi o. Tí kòkòrò bá wà ńbẹ̀, sọ."

Mo gbé e sábẹ́ awò. Mo rí àwọn àmì dúdú kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìhà rẹ̀. Lójú kan, pẹlẹbẹ ni wọ́n rí, bí èéfín tó ta sí ara ẹja. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé èéfín ni. Ọ̀gá bu ọwọ́ lu ìwé náà láì wo ẹja.

Kò tó oṣù méjì tí fọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù Màmá Ọjà. Oníbàárà ti tú àwọn àpò náà, ìdin onírun ń rìn nínú wọn, ẹja ti di lúbúlúbú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá márùn-ún yẹn kò bá a jà. Wọ́n kàn ń kí i láti ọ̀ọ́kán, wọn ò sì da ẹja pọ̀ mọ́ tirẹ̀ mọ́ láé. Ìjà ìbá sàn.

Èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹja tí mo wò ṣì wà nínú fírísà wa. Mo gbé e fún ọ̀gá. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi gbórí sókè.

"Ihò kòkòrò nìyí. Báwo lo ṣe wò ó?"

Mo ní ojú kan ni mo fi ń wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. "Mo máa ń rí ẹ tó o bá ń dijú. Mo rò pé bó o ṣe fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn."

Inú bí mi, ó sì ń bí mi títí dòní. Oṣù méje lọkùnrin yìí fi ń wò mí bí mo ṣe ń dijú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá sì ná an láti tún un ṣe.

Lọ́sẹ̀ kejì, Màmá Ọjà wọkọ̀ wá sí Ìkòròdú. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Mo gbé ẹja náà sábẹ́ awò, mo gbé àga fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní ẹja méjì lòun ń rí. Kí n tó sọ pé, "Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án," ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu awò mú bí ẹni di etí ìkòkò mú, ó sì fà wọ́n súnmọ́ra títí wọ́n fi bá ojú rẹ̀ mu. Ó na ọwọ́ mú abẹ́rẹ́ tí mo ti pa tì, ó rọra kì í bọ ọ̀kan nínú àwọn àmì dúdú yẹn. Abẹ́rẹ́ wọlé.

"Ihò ni," ó ní. "Ó jìn." Ó wá yíjú sí mi. "Kí ló dé tó ò fà á súnmọ́ra?"

"Ojú ọ̀gá ló wà níbẹ̀, mà."

Ó gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. "Ẹja ta lò ń wò?"

Mo ti fi ibi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ṣì máa ń yìn mí pé mo mọ àgbà í bọ̀wọ̀ fún. Mo máa ń fẹ́ sọ fún wọn pé àgbà méjì ló wà níwájú mi lọ́jọ́ tí mo wo ẹja yẹn. Ọ̀kan ń sanwó oṣù fún mi, ọ̀kan tọ́ mi dàgbà. Èyí tí mo bẹ̀rù ni mo bọ̀wọ̀ fún.

Ẹja tútù ni Màmá Ọjà ń tà báyìí. Kò bú mi rí, kò sì bá mi yodì. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ó ń lẹ etí ìró rẹ̀ kan tó ya. Òwú kọ̀, kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Ó fi itọ́ sí i, ó lọ́ ọ, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fún ojú pọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Iwájú rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí, mo ti na ọwọ́ díẹ̀. Kò na abẹ́rẹ́ náà sí mi.