Ilẹ̀ Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ràímì

Bí ẹ bá wọ Àjàṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1934, tí ẹ béèrè ilé Ràímì aránṣọ, ilé Bouraïma ni wọn yóò fi hàn yín. Bouraïma ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ni olórí ẹbí, òun náà ló ni ìsọ̀ ìránṣọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wọn. Lábẹ́ rẹ̀ ni Ràímì ti kọ́ṣẹ́, abẹ́ rẹ̀ náà ló sì wà títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ẹ̀yìn Ràímì gan-an ni Bouraïma máa ń jókòó sí. Bí abẹ́rẹ́ bá yà lójú ọ̀nà díẹ̀, kò ní bínú, kò ní pariwo, yóò kàn wúkọ́: "Ẹ̀n-hẹ́n." Ikọ́ yẹn ti wọ Ràímì léegun.

Ohun tí ọkùnrin yìí ń fẹ́ láyé kò pọ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ń fẹ́, èyí tí òun fúnra rẹ̀ yóò máa tì láti inú. Nínú agbo ilé, ta ní ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé? Bí ó bá ń bá Lafiatou ìyàwó rẹ̀, ìyá Ganiatou, sọ̀rọ̀ ní yàrá, ẹlòmíràn ni yóò dáhùn láti ìta. Bí ó bá ra ẹja, gbogbo ojú ilé á ti wò ó tán kó tó dé inú ìkòkò. Ẹ má sọ pé ó ya ahun. Ìfẹ́ ẹbí dára, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, ó máa ń fún ni lọ́rùn.

Nígbà tí ó rí ilẹ̀ kékeré kan ní Djègan-Kpèvi, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àti ní ọjọ́ Àìkú tí àwọn òyìnbó bá ti ilé iṣẹ́ wọn, tí ẹnikẹ́ni kì í mú aṣọ káki wá fún rírán, ibẹ̀ ni yóò wà. Ó po amọ̀, ó mọ ògiri, ó kan páànù. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní aránṣọ tó ń kọ́lé, ṣé abẹ́rẹ́ ni yóò fi rán ògiri pọ̀ ni? Ó tún po amọ̀ mìíràn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn ìka rẹ̀ sán, òwú wá ń kọ́ wọn bó bá jókòó ti ẹ̀rọ, Bouraïma a sì wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún, ilé ń lọ sí òpin. Ó ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ yàrá gbogbo, ó ku ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni, kí ó má baà máa fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ibi tó ti dán. Ọgbọ́n ni, àbí? Ọgbọ́n náà ló pa á.

Ìyá Safouratou, àbúrò bàbá wọn, ló tọ́ Ràímì àti Bouraïma dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Òun nìkan ló ń fi oríkì pe Ràímì ní Àkàndé. Nígbà tí àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí í jí pákó gbé níbi ilé náà, ìyá ní òun yóò máa sùn síbẹ̀, òun yóò máa ṣọ́ ọ. Inú Ràímì dùn. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ìyá á jókòó ti ògiri, a máa wò ó, kò ní bá a wí, kò ní wúkọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Ràímì ń kan irin ìtìlẹ̀kùn mọ́ ara ilẹ̀kùn ìta, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ kan erùpẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àkàndé, ilẹ̀ ibí yìí tutù. Inú ariwo ni mo gbó sí. Bí ọjọ́ mi bá pé, ibí ni kí ẹ tẹ́ mi sí."

"Kò burú, Ìyá. Ibi tí ẹ bá fẹ́ náà ni."

Bí a ṣe ń dá àgbà lóhùn kí iṣẹ́ má baà dúró ló ṣe dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni ìyá kú, lójú oorun, nínú ilé náà. Ẹbí ya dé. Bouraïma sunkún bí ọmọdé, ẹkún rẹ̀ kò sì ní ẹ̀tàn nínú. Ìyá ti sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún gbogbo wọn, ó ní Àkàndé ti gbà fún òun. Ràímì mọ ohun tó ń bọ̀. Ilé tí wọ́n bá sin àgbà sí ti kúrò ní ilé ẹnìkan. Ilé ẹbí ni. A kò lè tà á, a kò sì lè lé ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Lafiatou fà á sí kọ̀rọ̀. "Bàbá Ganiatou, ìjọba ò fẹ́ kí wọ́n máa sin òkú sínú ilé mọ́. Ẹ sọ fún ọlọ́pàá kan ṣoṣo, wọn á gbé Ìyá lọ sí itẹ́ òkú."

Ràímì wo òkú Ìyá, obìnrin tó jẹ oúnjẹ lẹ́nu kó tó fi bọ́ ọ. Ṣé òun ni yóò rán ọlọ́pàá sí i? Ká ní ó ti rẹ́ ilẹ̀ yẹn ni, ta ni yóò ní kí wọ́n fọ́ sìmẹ́ńtì tuntun? Ó mú ọkọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbẹ́ sàréè Ìyá síbẹ̀.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó kúnlẹ̀, ó rẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ó fi omijé rẹ́ ẹ, ó sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò tíì gbẹ dáadáa tí Bouraïma fi dé. Ó bọ́ bàtà, ó wò ó títí.

"O ṣe é dáadáa, àbúrò mi."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò yìn ín bẹ́ẹ̀ rí.

"A ò lè fi ìyá sílẹ̀ lóun nìkan," Bouraïma ní. "A ó kó ìsọ̀ wá síbí. Ilẹ̀ yìí gba ẹ̀rọ ju ti ọ̀hún lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́..."

"O fẹ́ kí ni?"

Ràímì kó ohun èlò rẹ̀ jọ. "Kò sí, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n kó ẹ̀rọ dé, àwọn ẹbí ká ẹní wọn tẹ̀lé e. Lafiatou kàn ń wo ìkòkò àwọn ẹlòmíràn nínú ilé ìdáná tuntun rẹ̀. Ràímì jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ, òwú kọ́ ọ níka, abẹ́rẹ́ yà.

"Ẹ̀n-hẹ́n," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó gbójú sókè wo ilẹ̀kùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Wọ́n ti yí òkúta ńlá kan tì í, kí ó má baà padé.