Àfikún Tí Gbogbo Àfikún Ń Dúró Dè

Obìnrin náà ti lé ní ogójì ọdún dáadáa. Ní ọ́fíìsì, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́, Ìyá Férémù ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá oríkì ni àbí èébú. Ètò kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n ń kọ níbẹ̀ fún àwọn awọnlẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n bá wọ̀n. Ètò náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ bákan náà lórí oríṣi kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ń lò, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọ gba ti ara wọn. Ohun tí èyí fẹ́ràn ni ìyẹn kórìíra. Ẹni tó sọ pé iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ló ń pa ni, kò tíì mú ètò kan ṣoṣo lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà mẹ́ta.

Férémù ni ìpìlẹ̀ ètò náà. Fúnra rẹ̀, kò mọ nǹkan kan ṣe ju kó ṣí fèrèsé òfìfo sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Àfikún ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ gidi. Àfikún kan ń ya ìlà, òmíràn ń ṣírò igun, òmíràn ń tẹ àwòrán sórí ìwé. Wọ́n á kì wọ́n bọ férémù lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọn ò bá sì fẹ́, wọ́n á yọ ọ́. Obìnrin yìí ló to férémù náà ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, òun náà ló kọ àfikún àkọ́kọ́, èyí tó ń ka fáìlì inú ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀. Torí pé ti rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, gbogbo àfikún tó tẹ̀ lé e ló kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó ń bá wọn rìn pé àwọn nílò àfikún Ìyá Férémù kí àwọn tó lè jí. Bí ti rẹ̀ bá ṣàìsàn, gbogbo ilé ló ń dákú. Nígbà náà ni wọ́n á pè é. Wọ́n pè é nígbà tó wà níbi ìsìnkú. Ọjọ́ kan wà tó gba ìpè ní ilé ìwẹ̀ tòun tọṣẹ lójú.

Ìyá tó bí i ń gbé ní ìlú mìíràn, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Ojú màmá ń ṣú. Dókítà ò fi bò rárá: ohun tí àìsàn ojú yìí bá ti mú lọ, kò ní dá a padà. Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ ń fẹ́ ni kó lọ jókòó síwájú ìyá rẹ̀ fún odidi oṣù kan, kí ìyá náà wò ó dáadáa kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló gba líìfù, ìyẹn ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló dá a padà. Èkíní, ọ̀sẹ̀ tí Jẹ́jẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Jẹ́jẹ́ ni ẹnì kejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, ọkùnrin tí kì í pariwo kódà bí ètò bá dákú. Bó ṣe lọ, iṣẹ́ ẹni méjì já lé obìnrin yìí léjìká. Ìkejì, lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, ọ̀gá wọn, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ló wá dúró níwájú tábìlì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá lọ, tí àfikún yín bá dákú, ta la fẹ́ pè?"

Ká sọ òótọ́, ìbéèrè yẹn dùn mọ́ ọn díẹ̀. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn pé òun ò ṣeé yọ? Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé ó tún di ìgbà mìíràn. Màmá ní, "Mo ṣì ń ríran díẹ̀. Jókòó ti iṣẹ́ rẹ, jàre."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ara rẹ̀ kọ̀. Ó sùn, kò sinmi. Ó jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Ó wọ yàrá ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, mo tún fẹ́ gba líìfù. N ò ní dá eléyìí padà."

Ọ̀gá họ orí. "Kò burú, mà. Ẹ kàn bá wa kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tí a máa ṣe tí àfikún yín bá dákú."

Ó padà sídìí tábìlì. Ẹni tó fẹ́ kọ ìwòsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí àìsàn, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ àfikún rẹ̀ kúrò nínú férémù kó lè wo bí ilé yóò ṣe wó. Ó ṣí ètò náà lórí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ètò náà ṣí. Ó ń ya ìlà, ó ń ṣírò igun. Ó ní bóyá òun yọ èyí tí kì í ṣe ti òun ni. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ti rẹ̀ náà ni. Ó lọ sórí ìkejì, ó ṣí. Ìkẹta ni oníjà inú wọn, èyí tó lè torí pé wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ fáìlì dípò lẹ́tà kékeré ní òun ò rí i. Òun náà ṣí, ó tiẹ̀ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó wá ṣí ìwé kékeré tó ń bá àwọn àfikún yòókù rìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àfikún rẹ̀, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé *bó bá wà*. Nídìí iṣẹ́ yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bó bá wà, ẹ mú un. Bí kò bá sí, ẹ máa bá tiyín lọ. Ó wo gbogbo wọn, àwọn mẹ́tàlélógún. *Bó bá wà. Bó bá wà.* Ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ tí àfikún rẹ̀ ń kà ti kógbá sílé tipẹ́. Àfikún mìíràn ló ń ka ti ìgbàlódé.

Àkọsílẹ̀ àtúnṣe, tó ń tọ́jú orúkọ ẹni tó bá yí ohunkóhun padà, kì í gbàgbé. Jẹ́jẹ́ ló ṣe é, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó lọ. Ó kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀: "Mo ti tú àwọn àfikún yòókù sílẹ̀ lára àfikún Ìyá Férémù, kí Ìyá Férémù lè ráyè lọ wo màmá wọn."

Òfin wọn ni pé àtúnṣe kan ò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á kó sì fọwọ́ sí i. Ó wo orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí eléyìí. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ó dára," bó ṣe ń kọ ọ́ ní gbogbo ọ̀sán sábẹ́ iṣẹ́ tí oorun ò jẹ́ kó kà. Àfọwọ́fà gbáà ni. Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, bí nǹkan mìíràn bá bàjẹ́, àfikún rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fura sí, òun náà sì ń bá wọn fura sí i.

Inú bí i, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ìbínú náà ò lágbára. Ojú tì í pẹ̀lú. Ó kọ ìlà kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá: "Bó bá dákú, kì í ṣe tèmi. Ẹ má pè mí." Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sí ọ̀nà ẹ̀yìn, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, mò ń bọ̀ lọ́la."

"Ṣé iṣẹ́ ti parí ni?"

"Kò lè parí, màmá. Wọn ò kàn nílò mi níbẹ̀."

"Wọ́n lé ọ?"

"Wọn ò lé mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti lè wá. Èmi ni n ò mọ̀."

Màmá ní, "Ó dáa, ọmọ mi. N ò ní ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n tí o bá wọlé, kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí o tó fọwọ́ kàn mí o, kí àyà mi má baà já."