Sàráà Ọpẹ́ tí Bàbá Mi Kò Lè Jẹ

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn bàbá mi bó ṣe máa ń la gbogbo òrùlé àdúgbò wa ní Ìdímù já ní ìdájí. Òun ló ń pe ìrun ní mọ́sálásí wa, kí jẹjẹrẹ tó mú un lọ́fun. Sàíbà kafé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni èmi ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mo sì rò pé kò sóhun tí mi ò mọ̀, torí pé kọ̀ǹpútà wà níwájú mi láti àárọ̀ dalẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kà nípa oríṣi ìtànṣán méjì tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ. Fótọ́ọ̀nù, tó wà nílẹ̀ wa níbí, máa ń gba inú jẹjẹrẹ kọjá, á sì jó ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Prótọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ máa ń dúró níbi tí wọ́n bá ní kó dúró, ṣùgbọ́n òkè òkun ló wà.

Dókítà ò tàn wá. Ó ní, "Méjèèjì lè pa àìsàn yìí. Níbi itọ́ bàbá àti bí wọ́n á ṣe máa gbé oúnjẹ mì ni ìyàtọ̀ wà. Tiwa lè mú kí itọ́ wọn gbẹ. Ó ṣeé ṣe kí ti òkè òkun dá díẹ̀ sí, àmọ́ mi ò lè búra."

Ilẹ̀ ẹbí wa kan wà lọ́nà Ìṣẹ̀rí tí à bá tà láti fi sanwó ìtọ́jú òkè òkun. Mo lọ sí ìpàdé ẹbí, mo ń ṣàlàyé bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí, bú sẹ́rìn-ín.

"Iná tó ń gbọ́ràn! Ìyẹn tún dé. Ṣebí méjèèjì ló ń pa á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, àmọ́ itọ́ wọn…"

"Itọ́ la fẹ́ tìtorí ẹ̀ ta ilẹ̀? Ẹbí yìí ò ta ilẹ̀ wo àìsàn rí, jàre. Ẹ jẹ́ ká lo tilé."

Bàbá mi tẹrí ba, ó ń ka tẹ̀súbà rẹ̀. Òun ni inú bí mi sí jù lọ́jọ́ yẹn.

Jẹjẹrẹ náà lọ lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n itọ́ bá a lọ. Bàbá mi ní láti mu omi kó tó lè sọ gbólóhùn kan, ẹ̀kọ nìkan ló sì ń lọ lọ́fun rẹ̀. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun.

Ẹbí wá ní ó yẹ ká ṣe sàráà ọpẹ́ fún ìwòsàn rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀nà Ìṣẹ̀rí yẹn gan-an ni wọ́n tà. Wọ́n pa màlúù, àwọn àáfà ṣe wàásù, wọ́n gbé bàbá mi jókòó síwájú, wọ́n sì bu ìrẹsì pẹ̀lú ẹran tó tóbi jù fún un. Ó fi ẹran sẹ́nu, ó rún un títí, kò lọ. Ó rọra tu ú sínú áńkáṣíìfù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ó yá, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹbí." Ó mu omi, ó dìde, ó sì dúpẹ́.

Mi ò mọ̀ bóyá prótọ́ọ̀nù ì bá dá itọ́ rẹ̀ sí. Mo ti dàgbà tó láti gbà pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Bàbá mi dárí ji gbogbo wọn kó tó kú, ó sì bẹ̀ mí pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dá a lóhùn pé mo ti dárí jì wọ́n. Irọ́ ni mo pa fún un.